Àrùn Ẹ̀yìn Ẹyinjú Kì í Dunni: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Aláboyún àti Àwọn Agbẹ̀bí

    

Nígbà tí a bá péjọ báyìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ọ̀rọ̀ ọmú ni a sábà máa ń sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ojú ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni ojú ní í ṣe pẹ̀lú oyún? Inú ni oyún ń gbé, kò gbé inú ojú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá tí ń gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ nínú, òun náà ni ó ń bọ́ ojú ìyá. Ohun tí ó bá da ẹ̀jẹ̀ yìí láàmú lè da ojú láàmú pẹ̀lú.

Kí n tó lọ jìnnà, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di agbẹ̀bí, obìnrin kan wá bá mi ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Oyún àkọ́bí ni, ó sì ti wọ oṣù kẹjọ. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, láti àná ni orí ti ń fọ́ mi. Bí mo bá la ojú, ńṣe ni mo ń rí ohun tí ń tàn yẹ̀rì-yẹ̀rì bí ẹta iná àgbẹ̀dẹ." Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé kò sùn tó ni. Mo fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, mo ní kí ó lọ sinmi. N kò wọn ìfúnpá rẹ̀, n kò sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ní òru ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e padà wá. Gìrì ti mú un, ojú rẹ̀ sì ti ṣókùnkùn, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀, òun àti ọmọ yè, ojú rẹ̀ sì là padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò gbàgbé. Ojú obìnrin náà ti sọ̀rọ̀ fún mi láàárọ̀, èmi ni n kò gbọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe dúró níwájú yín lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: àrùn ẹ̀yìn ẹyinjú kì í dunni, nítorí náà a kì í dúró de ìrora kí a tó lọ yẹ ojú wò.

KÍ NI RẸ́TÍNÀ?

Bí ẹ bá wo ojú ara yín nínú dígí, ẹ ó rí funfun ojú, ẹ ó rí dúdú ojú, ẹ ó sì rí ihò róbótó kan láàárín tí a ń pè ní ọmọlójú. Iwájú ojú ni gbogbo ìwọ̀nyí wà. Ọmọlójú dà bí fèrèsé, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Nínú lọ́hùn-ún, ní ẹ̀yìn ẹyinjú, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó tẹ́ mọ́ ògiri ojú, bí awọ inú èèpo ẹyin adìẹ. Awọ yìí ni àwọn dókítà ń pè ní rẹ́tínà. Òun ni ó ń gba àwòrán ohun gbogbo tí a ń wò, kí iṣan ìríran tó gbé e lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kámẹ́rà àtijọ́ yóò rántí fíìmù inú rẹ̀. Bí ó ti wù kí gíláàsì kámẹ́rà náà mọ́ tó, bí fíìmù bá ti bàjẹ́, fọ́tò kò lè jáde dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni rẹ́tínà rí.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀.

Èkíní, rẹ́tínà kì í mọ ìrora. Bí àpólò bá mú ènìyàn, ojú yóò pọ́n, yóò máa ta á, yóò máa ṣe ipin. Gbogbo ará ilé ni yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí rẹ́tínà bá ń bàjẹ́, ojú kì í pọ́n, kì í ta ni, kì í ṣe ipin. Ẹni tí ó ń wo ojú yín lókèèrè yóò ní ojú yín dára.

Èkejì, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ohun tí ó bá ń ṣe ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè hàn níbẹ̀. Láti ọdún 1851 tí Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, ti fi irinṣẹ́ tí a fi ń wo inú ojú han ayé, ni àwọn dókítà ti lè gba inú ọmọlójú wo iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí láìfi abẹ kan ara.

Ẹ̀kẹta, bí apá kan rẹ́tínà bá ti kú, kì í hù mọ́. Kò sí oògùn tí a lè kán sójú tí yóò jí i. Ohun tí ó bá kù ni a lè gbà là, bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn tí ewu yìí súnmọ́ jù láàárín wa.

ALÁBOYÚN TÍ Ẹ̀JẸ̀ RẸ̀ RU

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 tí oyún ti dúró, ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin mìíràn máa ń ru, bí kò tilẹ̀ ru rí. Bí ìfúnpá bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tí a sì tún rí púrótéènì nínú ìtọ̀, a mọ̀ pé àrùn tí ó lè yọrí sí gìrì aláboyún ti ń rìn bọ̀. Àrùn yìí lè mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ojú fún pọ̀. Nígbà mìíràn, omi máa ń jọ sábẹ́ rẹ́tínà títí yóò fi gbé e kúrò lára ògiri ojú. Ó sì lè jẹ́ apá tí ń ríran nínú ọpọlọ ni ó wú, tí ojú yóò ṣókùnkùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyinjú fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù.

Àwọn tí ewu rẹ̀ súnmọ́ jù ni ẹni tí ó lóyún àkọ́bí, ẹni tí ó lóyún ìbejì, ẹni tí ó ti ṣe é rí nínú oyún ìṣáájú, ẹni tí ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn kíndìnrín kí ó tó lóyún, ẹni tí ó sanra jù, àti ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún. Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀. Oògùn wà tí dókítà lè fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún kí ewu náà lè dín kù. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe lọ rà á fúnra yín ní ọjà.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ẹ̀fọ́rí líle tí kò lọ, ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ mànà lójú, ojú tí ó ń ṣe bàìbàì, rírí ohun kan ní méjì, àbàwọ́n dúdú níwájú ojú, ìrora lókè ikùn lápá ọ̀tún, àti wíwú ojú òun ọwọ́ lójijì. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má ṣe sùn mọ́ ọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ kọ́kọ́ fi agbo tàbí àdúrà gbìyànjú rẹ̀ wò títí di ọ̀la. Àdúrà dára, ẹ lè máa gbà á bí ẹ ti ń wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún irú èyí. Bí a bá ti fi oògùn rọ ẹ̀jẹ̀, tí a fi magnẹ́síọ̀mù dá gìrì dúró, tí a sì gbẹ̀bí ní àkókò tí ó yẹ, omi náà yóò fà, rẹ́tínà yóò padà sí àyè rẹ̀, ojú yóò sì là láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò bá tètè dé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń le. Ẹ sì rántí pé àrùn yìí lè yọjú lẹ́yìn ìbí pẹ̀lú, títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyá ọmọ tí ó ti sọ ọmọ lórúkọ, tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣe bàìbàì, kí ó padà wá.

ALÁBOYÚN TÍ Ó NÍ ÀTỌ̀GBẸ

Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń jẹ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ́tínà. Iṣan náà á máa jò. Lẹ́yìn náà, iṣan tuntun tí kò lágbára á bẹ̀rẹ̀ sí í hù, á máa ya, á máa da ẹ̀jẹ̀ sínú ojú. Níkẹyìn, àpá á so mọ́ rẹ́tínà, á sì fà á kúrò ní àyè rẹ̀. Oyún a máa mú kí àrùn yìí yára sí i. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan ní oṣù kejì lè ti wà nínú ewu ní oṣù keje.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ní àtọ̀gbẹ kí ẹ tó lóyún, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kí oyún tó dúró. Bí oyún bá ti dúró, ẹ lọ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa padà lọ bí ó bá ti sọ fún yín, títí kan ọdún tí ó tẹ̀lé ìbí. Ẹ má ṣe jáwọ́ nínú oògùn yín nítorí ìbẹ̀rù pé yóò ṣe ọmọ nínú. Dókítà ni yóò mọ èyí tí yóò yí padà àti èyí tí yóò fi sílẹ̀.

Ní ti ẹni tí àtọ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá nínú oyún, irú èyí kì í sábà ba rẹ́tínà jẹ́, nítorí kò tíì pẹ́ lára. Ṣùgbọ́n irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè wá ní àtọ̀gbẹ gidi lẹ́yìnwá ọ̀la. Kí ó padà wá yẹ ṣúgà rẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbí.

ALÁBOYÚN TÍ Ẹ̀JẸ̀ RẸ̀ JẸ́ SS TÀBÍ SC

Gbogbo wa ni a mọ ìrora tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń fà nínú egungun. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ká kò yìí lè dí iṣan inú rẹ́tínà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé mọ́, iṣan tuntun á hù sí etí rẹ̀, á tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, á sì lè ya nígbàkigbà.

Ohun ìyanu ibẹ̀ nìyí: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SC, tí ara rẹ̀ sábà máa ń le ju ti ẹni tí ó jẹ́ SS lọ, òun gan-an ni irú àrùn ojú yìí máa ń ṣe jù. Ó lè máa ṣe òwò rẹ̀, kí ó máa jó lóde ìnáwó, kí ó má mọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ burúkú yẹn ti ń hù nínú ojú òun. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá jẹ́ SC má ṣe sọ pé, "Ara mi le, kò kàn mí." Ó kàn ọ́, ìyá mi. Lọ yẹ ojú rẹ wò.

ALÁBOYÚN TÍ KÌ Í RÍ ỌKÀÁNKÁN

Àwọn kan wà láàárín yín tí ń lo gíláàsì tí ó nípọn, nítorí wọn kì í rí ọ̀nà jíjìn. Irú ẹyinjú bẹ́ẹ̀ máa ń gùn ju bí ó ti yẹ lọ, rẹ́tínà inú rẹ̀ sì lè fẹ́lẹ́ kí ó ya. A ti máa ń gbọ́ pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rọbí, pé bí ó bá ti kanra mọ́ ìrọbí, rẹ́tínà rẹ̀ yóò já. Ẹ̀rù yìí ti mú kí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ ìyá tí ó lè bímọ fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà tí ó ti wo ojú irú ìyá bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rọbí àti lẹ́yìn rẹ̀ kò rí i pé ìrọbí ni ó ń já rẹ́tínà. Àìríran ọ̀nà jíjìn nìkan kì í ṣe ìdí tí a fi ń la ikùn aláboyún. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà ojú bá ti sọ fún pé iṣan tuntun tí ó lè ya wà nínú ojú rẹ̀, kí ó jẹ́ kí agbẹ̀bí àti dókítà mọ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé.

Ẹnikẹ́ni nínú wa ni rẹ́tínà rẹ̀ lè tú kúrò ní àyè rẹ̀, pàápàá bí nǹkan bá gbá a lójú. Àmì mẹ́ta ni ó máa ń fi hàn: ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ohun dúdú wẹ́wẹ́ tí ń fò níwájú ojú bí kòkòrò, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i lójijì, àti òkùnkùn tí ń bo apá kan ojú bí ìgbà tí a fa aṣọ fèrèsé. Ẹni tí ó bá rí èyí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ó tó wá dókítà ojú.

ỌMỌ TÍ OṢÙ RẸ̀ KÒ PÉ

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí ọmọ. Nínú oyún, ní nǹkan bí oṣù kẹrin, iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà láti àárín rẹ́tínà lọ sí etí rẹ̀, bí ìtàkùn ẹ̀gúsí ti ń fà kárí oko. Kì í kárí tán títí oṣù ọmọ yóò fi pé. Bí a bá bí ọmọ náà ṣáájú, ìtàkùn kò tíì kárí oko. Yóò dúró fún ìgbà díẹ̀, yóò sì wá hù ní ìhùkúhù, yóò fa rẹ́tínà já. Ọmọ tí ayé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á wá fọ́ lójú kí ó tó mọ ojú ìyá rẹ̀.

Dókítà Theodore Terry ni ó kọ̀wé nípa àrùn yìí ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1942. Ní àkókò yẹn, àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ òkèèrè ti ń gba ẹ̀mí ọmọ kéékèèké là nínú àpótí tí ń mú ọmọ móoru, wọ́n sì ń da ọ́síjìn sínú rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n. Ní ọdún 1951, Dókítà Kate Campbell ní Melbourne, ní Australia, fi hàn pé ọ́síjìn àpọ̀jù yìí lè jẹ́ ìdí ìfọ́jú náà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Stevie Wonder, gbajúgbajà olórin tí a bí ní ìpínlẹ̀ Michigan ní ọdún 1950, wà lára àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé tí àrùn yìí gba ojú wọn.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò ní kí ẹ má fún ọmọ ní ọ́síjìn. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rù tí wọ́n dín in kù jù, ọmọ kú, ọpọlọ ọmọ mìíràn sì bàjẹ́. Ọ́síjìn dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ìwọ̀n ni a ń fi sí i. Ẹ de ẹ̀rọ tí ń ka ọ́síjìn mọ́ ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Bí ó bá ń gba ọ́síjìn, kí nọ́ńbà náà wà láàárín 90 sí 95. Bí ó bá ń kà á ní 100 láti òwúrọ̀ di alẹ́, àpọ̀jù ni.

Ọmọ tí a bí kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 32, tàbí tí kò tó kílò kan àti ààbọ̀, gbọ́dọ̀ rí dókítà ojú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí. Dókítà lè ní kí a mú ọmọ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wá pẹ̀lú, bí ó bá ṣàìsàn púpọ̀. Ibi tí ọ̀fìn wà nìyí: lọ́pọ̀ ìgbà, a ti dá ìyá àti ọmọ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Ìyá á rí i pé ọmọ ń mu ọmú, ó ń sanra, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Á ní kí òun jẹ́ kí ọmọ gbó díẹ̀ kí òun tó gbé e jáde. Nígbà tí yóò fi mọ̀ pé ọmọ kò wo ojú òun, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bí dókítà bá sọ pé kí a tọ́jú ojú ọmọ, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni kí a ṣe é. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ àyẹ̀wò ojú sára káàdì ọmọ kí ẹ tó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ relé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún bàbá ọmọ àti ìyá àgbà pẹ̀lú.

Ohun kan kù nípa ọmọ. Bí ẹ bá rí i pé inú ọmọlójú ọmọ ń tàn funfun bí ojú ológbò lóru, tàbí pé ojú rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní kíá. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú rẹ́tínà, tí ó máa ń mú ọmọ kékeré. Bí a bá tètè rí i, a lè gba ẹ̀mí ọmọ là, nígbà mìíràn a sì lè gba ojú náà là pẹ̀lú.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RÉTÍNÀ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún ilé ìwòsàn ojú nítorí wọ́n rò pé ńṣe ni dókítà yóò yọ ẹyinjú sórí àwo, tí yóò sì tún dá a padà. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Èkíní ni ìtànṣán lésà. Dókítà á kán oògùn sójú kí ọmọlójú lè là, á sì ta ìtànṣán sí ibi tí ó ń jò tàbí yíká ibi tí ó ya, láìla ojú rárá. Aláboyún lè ṣe é. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé náà lè ṣe é.

Èkejì ni abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí a ń fún ẹyinjú lẹ́yìn tí a bá ti pa ìmọ̀lára rẹ̀. Ó máa ń mú kí iṣan búburú rọ. A sábà máa ń yẹra fún un nígbà oyún, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́; nítorí náà, ẹni tí ó bá fura pé òun lóyún kí ó sọ fún dókítà ojú.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ abẹ fún rẹ́tínà tí ó ti tú. Jules Gonin, dókítà ará Lausanne ní Switzerland, ni ó kọ́kọ́ fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1920 pé bí a bá dí ibi tí rẹ́tínà ti ya, yóò padà lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tí rẹ́tínà rẹ̀ bá tú, ìfọ́jú ni òpin rẹ̀. Lónìí, dókítà lè fi bẹ́líìtì kékeré di ẹyinjú láti òde kí ògiri ojú lè tẹ̀ mọ́ rẹ́tínà. Ó sì lè gba ihò wẹ́wẹ́ wọlé láti fa ẹ̀jẹ̀ àti àpá inú ojú jáde, ọgbọ́n tí Dókítà Robert Machemer bẹ̀rẹ̀ ní Miami ní ọdún 1970. Lẹ́yìn náà, á fi gáàsì tàbí òróró pàtàkì sínú ojú láti di rẹ́tínà mú títí yóò fi lẹ̀. Aláìsàn lè ní láti da ojú dé ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì gbọdọ̀ wọ bàálù títí gáàsì náà yóò fi tán.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Bí obìnrin tí gáàsì ṣì wà nínú ojú rẹ̀ bá ń rọbí, ẹ kò gbọdọ̀ fún un ní nitrous oxide, gáàsì tí a ń fà símú láti dín ìrora ìrọbí kù. Yóò mú kí gáàsì inú ojú wú, ojú náà sì lè fọ́ títí láé. Ẹ bi gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú léèrè kí ẹ tó fi í sí i nímú.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ máa wá sí ilé ìwòsàn ní gbogbo ọjọ́ tí a bá dá fún yín. Ẹ jẹ́ kí a wọn ìfúnpá yín, kí a sì yẹ ìtọ̀ yín wò; ẹ má ṣe kùn pé a ń fi àkókò yín ṣòfò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo ohun kan lókèèrè. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pààrọ̀. Ojú kan lè ti bàjẹ́ kí èkejì máa bò ó láṣìírí. Ẹ má ṣe kán ìtọ̀, agbo tàbí omi ọmú sí ojú yín tàbí ojú ọmọ. Kò lè dé ibi tí rẹ́tínà wà, ó sì lè ba iwájú ojú jẹ́.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, bí aláboyún bá ní ojú òun ń ṣe bàìbàì, ẹ má ṣe ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí ìfúnpá bá dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ẹ má ṣe dá a dúró sọ́dọ̀ yín. Ẹ fún un ní ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí a kọ́ yín, kí ẹ sì gbé e lọ. Ẹ̀yin ti ìbílẹ̀ tí kò ní irinṣẹ́, ẹ gbé e lọ ní kíá. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín ni yóò tọ́ ọ sọ́nà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, irú bíi UCH ní Ìbàdàn.

Àwọn àgbà wa ní, kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí yóò gbé yín dé ilé ìwòsàn kí òkùnkùn tó dé ni mo ń wí. Mo ti rí obìnrin tí ojú rẹ̀ là padà tí ó wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi ìka kan ìmú ọmọ, ó fi kan etí rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ nìyí?" Mo fẹ́ kí gbogbo yín rí ojú ọmọ yín, kí àwọn ọmọ náà sì rí tiyín.

 A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Wẹ́rẹ́ ni gbogbo yín yóò sọ̀ o.